Orúkọ Tó Wà Lára Ilẹ̀kùn Ẹ́ńjìnì

Bí ẹ bá dé Ìlaròó tí ẹ gbọ́ ọkùnrin kan tó ń jágbe mọ́ jẹnẹrétọ̀ bíi pé ó jẹ ẹ́ ní gbèsè, ẹ̀gbọ́n mi Ọdẹkúnlé nìyẹn. Ariwo ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ogun ló di í létí. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ni wá. Omi odò ni gbogbo wa mọ̀, òun nìkan ló lọ ṣiṣẹ́ lójú òkun.

Ó wà lára àwọn tí wọ́n rán lọ gba ọkọ̀ náà wá láti Amẹ́ríkà. Àwọn yẹn ló kàn án, wọ́n lò ó títí ó fi darúgbó, wọ́n wá fi ta wá lọ́rẹ nítorí pé ọ̀rẹ́ ni wá. Wọ́n pa orúkọ òyìnbó ara rẹ̀ rẹ́, wọ́n kọ tiwa sí i. Tòkunbọ̀ làwọn ará ilé ń pè é, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kì í bá wọn rín in. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ìtẹ́olúwakìíṣí ọmọ Igbógìlà, ni wọ́n jọ tọ́jú ẹ́ńjìnì yẹn tó fi ń ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Ìtẹ́ bá wọn wọ ọkọ̀ kékeré, wọ́n lọ lé àwọn olè epo. Ìgbì dojú ọkọ̀ náà dé. Wọ́n rí àwọn yòókù, wọn ò rí Ìtẹ́ títí dòní. Ẹ̀gbọ́n mi gé idẹ pẹlẹbẹ kan, ó fín orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí i, ó kàn án mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ẹ́ńjìnì. Idẹ náà kò fẹ̀, ló bá gé orúkọ náà sí ìlà mẹ́ta, kò sì kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí i. Ta ni kò mọ Ìtẹ́ nínú ọkọ̀ yẹn?

Ìgbà tó fẹ̀yìn tì la gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba tiwa náà ti fi ọkọ̀ náà ta àwọn ará òdìkejì ẹnubodè lọ́rẹ. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ sí Igbógìlà. Inú bí mi nígbà náà, ó ṣì ń bí mi báyìí. Màmá Ìtẹ́ bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó bá òun gba idẹ náà wá, kí òun lè rí nǹkan sin. Ẹ̀gbọ́n mi gba ẹnubodè Ìdí-Ìrókò kọjá lọ síbi tí ọkọ̀ náà wà.

Sójà ojú omi tó pàdé rẹ̀ ní èbúté gbọ́ Yorùbá, nítorí èèyàn kan náà la jẹ́ lápá méjèèjì.

"Bàbá, a ò lè yọ ọ́ o. Àdúrà ọkọ̀ wa nìyẹn. Èmi gan-an ni mo túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé fún kọmándà. A kì í gbéra láìfọwọ́ kàn án."

"Kì í ṣe àdúrà. Èèyàn ni."

Sójà náà rẹ́rìn-ín. "Ìtẹ́ Olúwa kì í ṣí. Bàbá, èwo ni kì í ṣe àdúrà níbẹ̀? Gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀ lẹ sì fi fún wa."

Ẹ̀gbọ́n mi bú u, ó bú kọmándà, ó bú àwọn tó fọwọ́ sí i nílé. Wọ́n tì í jáde.

Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ jíṣẹ́ fún Màmá Ìtẹ́. A bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ pẹ̀tù sí wọn nínú, ó ní àwọn sójà ń bọlá fún orúkọ náà lọ́hùn-ún, pé wọn kì í wọ òkun láìfọwọ́ kàn án. Màmá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ọkọ̀ ni wọ́n fi tọrẹ, Ọdẹkúnlé. Ta ló fi ọmọ mi kún un?"