Alùpùpù Ni Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Bá Sọ̀rọ̀

Ẹnu mi mú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí ní Àpòmù tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà ò sì jiyàn. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, abẹ́rẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn oníbàárà mi sì máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ahọ́n mi mú ju abẹ́rẹ́ mi lọ. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín ni. Ìgbà tí ahọ́n náà gún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ fún ọdún méjì gbáko, ni ẹ̀rín náà tó tán lẹ́nu mi.

Àwa méjèèjì nìkan ló kù nínú ọmọ tí màmá wa bí. Ìkirè ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Bíríkìlà ni wọ́n, kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ fi ìwọ̀ dẹ ẹja létí omi dáàmù Asejire, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Èmi ò rí i bí iṣẹ́. Mo máa ń sọ pé ìmẹ́lẹ́ tó gbé ọ̀pá dání ni.

Ọ̀dọ̀ mi ni màmá wa wà nígbà tí àìsàn dá wọn gúnlẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ dé, ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá àárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ò sí nítòsí. Mo pe fóònù wọn títí, kò lọ. Nígbà tí wọ́n máa fi dé, a ti wẹ òkú, a ti dì í, àwọn ààfáà ti ń tò láti kírun sí i lára. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹrẹ̀ kún bàtà wọn, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí dání, ẹja àrọ̀ kan sì ń jà nínú rẹ̀. Mo rí ẹja yẹn, mo fi í sínú.

Nígbà tó di fìdáù ọjọ́ kẹjọ, tí gbogbo ẹbí jókòó, ààfáà ní kí àgbà ọmọ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu ni mo dìde. Mo ní, "Kí lo fẹ́ sọ? Ẹja lo ń pa nígbà tí ìyá wa ń kú." Ọdún méjìlá ni wọ́n fi jù mí. Àwọn ló máa ń gbé mi kọ́rùn lọ sílé kéú nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo pè wọ́n ní "ìwọ" lójú àgbà, lójú ọmọdé. Wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n jáde, láti ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti yàn mí lódì. Bí mo bá kí wọn, wọ́n á wo òkè. Bí a bá pàdé lọ́nà, wọ́n á yà síbi tí kò sí ọ̀nà.

Kí n má parọ́, kò kọ́kọ́ dùn mí. Mo ní wọ́n mọ ẹ̀bi wọn lẹ́bi ni. Ó tó ọdún kan àtààbọ̀ kí ìyàwó wọn tó wá rán aṣọ lọ́dọ̀ mi. Mo ń wọn apá rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó dédé sọ pé, "Ṣé o mọ̀ pé màmá ló rán baba níṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ní iṣẹ́ wo.

Ó ní ní ọjọ́ tó ṣáájú ikú màmá, nígbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n mi lọ kí wọn. Oúnjẹ ò wọ̀ wọ́n lẹ́nu mọ́ nígbà náà, èmi gan-an mọ̀ ọ́n. Wọ́n wá sọ fún ọmọ wọn pé ọbẹ̀ ata ẹja àrọ̀ ló wu àwọn. "Kì í ṣe tọjà o. Èyí tí ìwọ bá fọwọ́ ara rẹ pa. Láti ọjọ́ tí o ti ń lọ sódò yẹn, mi ò tíì tọ́ ọ wò."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹja yẹn, baba ò jẹ́ kí n sè é. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbẹ́lẹ̀ sin ín sí." Mo wọn apá kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́yìn ìyẹn, mi ò sì mọ iye tí téèpù sọ.

Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé jáde. Mo rán olórí ẹbí sí wọn. Wọ́n ní kò sí ìjà, àwọn ò bínú, wọn ò sì tún kí mi. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ti ń pa á lówe fún àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi tipẹ́, mi ò mọ̀ pé èmi ni mò ń pa á fún. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ọmọ wọn tó wà ní Ìlọrin fẹ́ kó bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ́dọ̀, tí Iléyá bá ti kọjá. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá gbé odì yìí lọ sí Ìlọrin, ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wa bá kú la tún máa fojú kan ara wa.

Ibi tí wọn ò ti lè gba ẹ̀yìn ilé jáde fún mi ni mo ń wá. Mo ra ọ̀pá ọparun kan, okùn ike àti ìwọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn apẹja, mo sì gun ọ̀kadà lọ sí etí omi náà láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí ike ọ̀dà tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, lábẹ́ igi kan. Alùpùpù wọn àtijọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n." Wọ́n ń wo omi. Mo rìn tó ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí wọn, mo jókòó sílẹ̀. Omi kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni.

Ekòló ló kọ́kọ́ fojú mi rí màbo. Agolo kan ni mo kó wọn sí, mo fi ìka méjì mú ọ̀kan bí ẹni mú ìdọ̀tí, ó ń lọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo agolo sómi. Nígbà tí mo rí i fi sẹ́nu ìwọ̀, mo gbé ọ̀pá sókè, mo fi gbogbo agbára mi jù ú. Ìwọ̀ ò dé omi. Ó kọ́ ìborùn mi lẹ́yìn.

Mo ń tú u lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi. Orí alùpùpù ni ojú wọn wà.

"Alùpùpù," wọ́n ní, "ayé ti yí padà o. Àwa ń fi ìwọ̀ dẹ ẹja, àwọn kan ń fi dẹ ìborùn."

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí àwọn ìyàwó ilé wa bá yan ara wọn lódì, ewúrẹ́ ni wọ́n máa ń bá wí. Èébú ọ̀sán gangan, ewúrẹ́ ló máa ń jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní ewúrẹ́ létí omi, alùpùpù ni wọ́n ní. Ọ̀rọ̀ gbígbóná ti dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Ohùn yẹn ni mo wá gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹja pípa. Ọ̀la ọjọ́ yẹn kọ́, ọ̀túnla ni mo padà lọ. Nǹkan kan gbé ìwọ̀ mi, ó sì gbé e lọ tòun tekòló, nítorí pé kókó tí mo ta tú. Ìyẹn dùn mí. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń ta kókó òwú.

"Alùpùpù, okùn ike kì í ṣe òwú o. Yíyọ̀ ló ń yọ̀. Wọ́n máa ń lọ́ ọ mọ́ ara rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, wọ́n á ti orí rẹ̀ bọ ihò tó wà nísàlẹ̀, wọ́n á fi itọ́ rin ín kí wọ́n tó fà á le."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fà á, kò tú. Mo yíjú sí alùpùpù, mo ní, "Alùpùpù, mo dúpẹ́ o." Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó fẹ́ wúkọ́.

Alùpùpù náà ló kọ́ mi pé kí n má jẹ́ kí òjìji mi bọ́ sójú omi. Òun ló kọ́ mi pé kí n gé díẹ̀ lára bàtà sílípáàsì tó ti gbó, kí n so ó mọ́ okùn kó lè máa léfòó, kí n fi máa mọ̀gbà tí ẹja bá ń jẹ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há nìyẹn. Ní kété tí sílípáàsì bá ti mì, mo ti fa ọ̀pá sókè, ìwọ̀ á sì jáde lófìfo. Mo ṣe é títí apá fi ń ro mí.

"Alùpùpù, tó bá ń jó lójú omi, àwọn epìyà wẹ́wẹ́ ló ń tọ́ ọ wò. Ìgbà tó bá rì pátápátá ni wọ́n ń fà á." Wọ́n fi ekòló tuntun sẹ́nu ìwọ̀ tiwọn. "Ẹni tí kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ délẹ̀ kó tó fèsì, ẹja wo ló fẹ́ pa?"

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹja. Orí mi gbóná. Mo ká okùn mi, mo da ekòló nù, mo wá ọ̀kadà. Mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọlọ́kadà títí a fi dé Ìkirè, ọkùnrin náà sì ń bojú wẹ̀yìn wò mí. Ní Ìkirè, mo sọ̀kalẹ̀ láti wá ọkọ̀ Àpòmù, mo rí àwọn tó ń ta dòdò, mo ra wírapù méjì tí wọ́n fi ewé dì, láìmọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Nígbà tí mo délé, mo jẹ ọ̀kan. Ìgbà tí mo fi jẹ ẹ́ tán, inú mi ti rọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn délẹ̀ lọ́jọ́ fìdáù, mi ò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo tún lọ, mo gbé dòdò tuntun sórí òkúta tó wà láàárín wa. Mi ò wo ibẹ̀. Nígbà tí mo máa wò ó, ewé nìkan ló kù.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Iléyá pé nígbà tí mo jókòó síbẹ̀ láti ẹ̀yìn ìrun àsùbáà títí oòrùn fi gun orí. Mi ò fa ọ̀pá lásán, mi ò jẹ́ kí òjìji mi bọ́ sómi, kókó mi le. Síbẹ̀, kò sí nǹkan kan. Mo wo aago fóònù mi, agogo mọ́kànlá ni. Ibi tí mo jókòó sí yìí ni ẹ̀gbọ́n mi wà ní agogo mọ́kànlá ọjọ́ yẹn, láti ìdájí, tí wọ́n ń wá ẹja kan péré. Àwọn apẹja ń fi ọkọ̀ ojú omi kọjá níwájú mi, àrọ̀ ńlá ńlá wà nínú ọkọ̀ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ parọ́ fún ìyá rẹ̀, ì bá ti ra ọ̀kan, kó sì máa lọ sílé. Ìyá wa ì bá tọ́ ọ wò. Ẹ̀gbọ́n mi ò parọ́, wọ́n dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mi ò sì fi pamọ́.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí alùpùpù tó gbọ́ nǹkan kan. "Alùpùpù," wọ́n ní, ohùn wọn rọlẹ̀, "oòrùn ti mú. Ẹni tó bá nílé kó máa lọ fara sinmi."

Ọjọ́ márùn-ún ló kù kí Iléyá pé nígbà tí mo lọ kẹ́yìn. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, omi ti pọ́n. A jókòó, olúkúlùkù sáyè tirẹ̀. Sílípáàsì mi jó díẹ̀, mo mú ọwọ́ dúró. Ó tún jó. Mo ń ka ẹ̀mí mi. Lẹ́ẹ̀kan náà ó rì, kò sì padà wá sókè. Mo gbé ọ̀pá, ọ̀pá náà tẹ̀, nǹkan kan ń wọ́ mi lọ sínú omi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́ bọ̀ látọjà.

"Má fà á. Àbúrò, má fà á. Jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde. Ike ọ̀dà ti yí sómi. Wọ́n dúró tì mí, ojú wọn kò sí lára alùpùpù. "Jẹ́ kó lọ díẹ̀. Ó tó. Mú un bọ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Rọra." Mo ṣe gbogbo ohun tí wọ́n wí. Nígbà tí ó dé etí omi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tòun ti ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n, wọ́n sì gbá a mú lẹ́yìn orí, níbi tí ẹ̀gún rẹ̀ ò ti lè gún wọn. Àrọ̀ ni. Wọ́n yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo rí i pé wọ́n ti rántí odì. Mo mọ̀ pé bí mi ò bá sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, alùpùpù ni wọ́n tún máa padà sí. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo ti tò jọ fún oṣù mélòó kan ò wá sí mi lẹ́nu mọ́. Ohun tó wá ni mo sọ.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ pé ó máa ń pẹ́ tó báyìí."

Wọ́n ń fọ ọwọ́ wọn nínú omi. Wọ́n fọ̀ ọ́ títí, ọwọ́ tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́.

"Ó máa ń pẹ́," wọ́n ní.

Wọ́n fi ẹja náà sínú kẹ́ẹ̀gì wọn, wọ́n gbé e fún mi, wọ́n ní kí n lọ fi se ọbẹ̀ ata, pé àwọn ń bọ̀. Láti ọjọ́ fìdáù, wọn ò tíì wọ ilé mi. Ọjọ́ yẹn, bí a ṣe kírun aláásárì tán ni mo gbọ́ alùpùpù níta. Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wọlé, wọ́n sì jókòó sórí àga tí màmá wa máa ń jókòó sí. Mo gbé ọbẹ̀ fún wọn. Wọ́n bu ṣíbí kan, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n pa ojú dé.

"Iyọ̀ rẹ̀ ò tó," wọ́n sọ fún mi. "Bí màmá ṣe máa ń wí fún ẹ nìyẹn, o kì í gbọ́."

Mo dìde, mo lọ mú iyọ̀ wá.