Wọ́n Lé Mi Kúrò Lórí Wọ́sáàpù Àdúgbò

Ẹni tó lé mi kúrò lórí wọ́sáàpù àdúgbò wa ní Mushin, ọ̀rẹ́ mi ni. Yàrá wọn ló kọjú sí tiwa, a jọ dàgbà ni. Òun ni ádímìn. Èmi ti kó lọ sí Súrùlérè, orí wọ́sáàpù yẹn ni mo ti ń gbọ́ ẹni tó bímọ àti ẹni tó kú.

Ẹnu mi ló kó bá mi. Alága àdúgbò a máa fi ohùn wàásù ìmọ́tótó fún wa láràárọ̀. Mo wá fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi, òun nìkan o: "Gọ́tà iwájú ilé bàbá yìí ń rùn bí òkú ewúrẹ́, wọ́n wá ń kọ́ wa ní ìmọ́tótó!" A jọ rẹ́rìn-ín títí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ ohùn mi lórí wọ́sáàpù. Ọ̀rẹ́ mi ní ọwọ́ òun ló ṣì í. Ọwọ́ tó ṣì yẹn náà ló lé mi, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé títí láé ni, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Kò sí ẹ̀bẹ̀ kẹ̀! Níbi tí wọ́n bí wa sí, olè gan-an, àwọn àgbà á bá a bẹ̀bẹ̀. Mo lọ kúnlẹ̀ fún alága. Bàbá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní gọ́tà náà ń rùn lóòótọ́, kí n lọ bá ádímìn. Ádímìn ní òfin ni òfin. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ìyá onídìrí tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ló tọ́ mi. Tí ìyá mi bá ti lọ sọ́jà Tejúoṣó, orúnkún Ìyá onídìrí ni mo máa ń sùn sí tí wọ́n bá ń dirun fún mi. Mùsùlùmí ni wọ́n, òkú Mùsùlùmí kì í sì í pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n kú ní ìdájí ọjọ́ kan. Àwọn èèyàn kírun ọ̀sán tán, wọ́n lọ sin Ìyá. Orí wọ́sáàpù ni wọ́n kéde rẹ̀ sí. Lọ́jọ́ kẹta, ará àdúgbò kan rí mi ní Ojúẹlẹ́gba, ó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù." Mo ní, "Ta ló kú?"

Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, ọmọbìnrin Ìyá dì mọ́ mi. "Kí ló dé tó ò wá? Ìyá ń pè ọ́!" Fóònù rẹ̀ àtijọ́ ti bàjẹ́, nọ́ńbà mi ti bá a lọ. Ó fi èyí tó kọ sórí wọ́sáàpù nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí Ìyá kú hàn mí: Ìyá ń bèèrè mi, kí ẹni tó bá ní nọ́ńbà mi jọ̀ọ́ pè mí. Ọ̀rẹ́ mi ló dá a lóhùn: "A ti lé ẹni yẹn. Ẹ má dárúkọ rẹ̀ níbí mọ́."

Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ rẹ̀! Ó kàn lè pè mí ni, kó ṣáà ní Ìyá ń bèèrè mi. Ó dùn mí wọ egungun.

Níbi àdúà yẹn náà, lójú gbogbo èèyàn, ni ọ̀rẹ́ mi ti kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Alága ní kó dá mi padà sórí wọ́sáàpù lójú ẹsẹ̀, ó sì dá mi padà. Àwọn àgbà ní kí n dárí jì í. Mo ní ó ti tán.

Tí ẹ bá bi mí lónìí, mo máa ní kò yẹ kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni títí láé, torí ikú kì í dúró de ádímìn. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Nọ́ńbà ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? Mo bùlọ́ọ̀kì ẹ̀ bí mo ṣe délé lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti rán àgbà wá bẹ̀ mí. Mi ò tíì ṣí i.