Ọ̀nà Tí Mo Tún Ṣe fún Ọmọ Mi

Èéyí ló gba ojú lọ́wọ́ ọmọ wa obìnrin nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó kọ́kọ́ ń rí ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Nígbà tí òjò ọdún kejì fi máa dá, kò rí ìyẹn náà mọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, nítorí àwọn ará ilé wa a máa sọ pé ọwọ́ ayé ni. Èéyí ni.

Ìlú Ọ̀yọ́ là ń gbé nígbà náà. Mo ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Èkó, mo sì ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa da ìwé kọ, kí èyí tí mo kọ má fi àmì kan ṣoṣo yàtọ̀ sí èyí tí mo wò kọ. Bí mo ṣe ń ṣọ́ ìwé ni mo ṣe ń ṣọ́ ọmọ. Mo ní kí wọ́n kó ààrò kúrò níbi tó lè dé, mo fi pákó dí ẹnu kànga, mo fi àkísà wé igun gbogbo àpótí tó wà nínú yàrá. Títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kò dá nìkan kọjá ẹnu ọ̀nà ilé wa rí. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ni, "Ṣé kò ṣubú?"

Ìyàwó mi a ní, "Kò ṣubú. Níbo ló máa ṣubú sí? Ẹ ò kúkú jẹ́ kó dìde."

Ìyá ìyàwó mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní agboolé kan tí kò jìnnà sí àdúgbò Takie. Òun náà kò ríran láti kékeré. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Òwú ló ń ran, àwọn ahunṣọ agboolé náà a sì máa jà sí òwú rẹ̀ nítorí pé kì í já. Nígbà tó gbọ́ nípa ọmọ wa, ó ránṣẹ́ pé kí a mú un wá kí òun kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ní ojú kọ́ la fi ń rànwú. Odidi ọdún kan ni mo fi sọ pé rárá. Lọ́jọ́ kan ìyàwó mi jókòó tì mí níbi tí mo ti ń gé gègé ìkọ̀wé mi, ó ní, "Bí àwa méjèèjì bá kú ńkọ́? Ta ni yóò máa bá a dí kànga?" 

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, a mú ọmọ lọ. Ọjọ́ méjì la fi rìn. Mo bá Ìyá Àgbà ṣe àdéhùn kan lójú gbogbo ilé: ọmọ yóò wà níbẹ̀ títí iṣu titun yóò fi jáde, ṣùgbọ́n bí ewu kan bá fẹ́ ṣe é, mo máa mú un padà lọ́jọ́ kejì, láìsí àwíjàre. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Àna mi, o sọ̀rọ̀ bí ìwé. Ó dáa, mo gbà."

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ajẹ́lẹ̀, mo lọ wò ó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo dé. Ìta, lábẹ́ òrùlé, ni mo bá òun àti Ìyá Àgbà, wọ́n na ẹsẹ̀ lórí ẹní, ìrànwú ń pòyì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi amọ̀ roboto sí nídìí. Òwú ń ti ọwọ́ ọmọ mi jáde bí ẹni pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Mo dúró, mo ń wò ó.

Obìnrin kan tó ń kọjá lọ dúró, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á ṣàánú yín," ó sì fi owó ẹyọ díẹ̀ sí itan ọmọ mi. Ọmọ mi ṣà á, ó nà án padà.

"Ẹ ṣé, Ìyá. A ò tọrọ. Iṣẹ́ là ń ṣe."

"Ọmọ, mú un, àánú ni."

Ìyá Àgbà dá a lóhùn. "Bí o bá fẹ́ ṣe wá láàánú, lọ sọ fún ọkọ rẹ kó wá ra òwú. Ẹ̀wù rẹ̀ ti gbó, mo gbọ́ bó ṣe ń já nígbà tó ń dọ̀bálẹ̀ kí mi láàárọ̀."

Obìnrin náà gba owó rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín lọ.

Ẹnìkẹta wọn níbi iṣẹ́ ni ahunṣọ kan, ọmọ ilé náà, tí yóò tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. Kò gbọ́ràn láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò sì sọ̀rọ̀. Abẹ́ igi ọdán ni òfì rẹ̀ wà, ọmọ mi ló sì máa ń gbé òwú lọ fún un lójoojúmọ́. Mo rò pé ẹni tí kò ríran àti ẹni tí kò gbọ́ràn kò lè bára wọn sọ̀rọ̀ láéláé. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Bí òwú bá ki jù, ahunṣọ yóò fi ìka fa ilà gígùn sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ mi. Bó bá dáa, yóò gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹnìkan ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní tiwọn fún ìyẹn náà, nítorí mo rí i tí wọ́n ṣe é nígbà tí mo dé, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

Láti ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà dé ìdí òfì náà jẹ́ ìṣísẹ̀ igba ó lé mẹ́tàdínlógún. Mo kà á. Ìyá Àgbà ti kọ́ ọmọ mi bó ṣe máa rìn ín, bí òun náà ṣe ń rìn ín láti ìgbà èwe. Òkúta kan wà lójú ọ̀nà, bí ẹsẹ̀ bá ti kàn án, wọn a ní, "Ẹ kú ìjókòó." Gbòǹgbò igi kan dábùú ọ̀nà níwájú, wọn a kí igi náà pé, "Ẹ kú ìdúró." Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú àgbàrá kan tí òjò ti gbẹ́, bí ẹsẹ̀ bá ti wọ inú rẹ̀, wọn a yà sápá ọ̀tún, wọ́n dé nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni wọ́n ń kí, bí ẹni tó ń kọjá láàárín àwọn àgbàlagbà.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí mo dé yẹn, n kò tíì mọ èyí. Ohun tí mo rí ni èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì ọmọ mi tó ti ya.

Mo ní, "Kí ló ṣe èyí?"

"Òkúta ọ̀nà ni, Bàbá. Ó ti jinná."

Mo lọ wo ọ̀nà náà. Mo rí òkúta, mo rí gbòǹgbò, mo rí ojú àgbàrá. Mo tún rí kòtò ńlá tí wọ́n ti gbẹ́ amọ̀ mọlé, lápá òsì, omi òjò kún inú rẹ̀. Mo sì rò pé ọ̀rọ̀ náà yé mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn méjèèjì wà lẹ́nu iṣẹ́, mo yá ọkọ́ àti àáké. Mo hú òkúta náà, mo yí i lọ sẹ́yìn ààtàn. Mo gé gbòǹgbò náà síbi méjì, mo fà á tu. Mo fi yanrìn àti erùpẹ̀ dí ojú àgbàrá. Àwọn obìnrin ilé rí mi, wọ́n sì ń yìn mí, nítorí kò sí ohun tó dùn mọ́ ará ilé ìyàwó tó kí àna wọn mú ọkọ́ dání.

"Ẹ wá wo àna wa! Akọ̀wé tó mọ ọkọ́ dì mú!"

"Àna dáadáa! Bí ẹ bá parí ìyẹn, ẹ̀yìn ilé ìdáná mi náà kún fún koríko o."

Inú mi dùn. Ahunṣọ nìkan ni kò yìn mí. Ó fi òfì rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wá, ó gbá ọkọ́ mú, ó ń mi orí. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ló ń bù fún mi, pé kò fẹ́ kí àlejò ṣiṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo tẹrí ba, mo rọra gba ọkọ́ mi padà. Ó nàka sí ilé Ìyá Àgbà, ó nàka sí ojú ara rẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó tún mi orí. Ó yé mi: Ìyá Àgbà kò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé wọ́n jẹ́ kí àna ṣe wàhálà. Mo fi ìka lé ètè, kí ó mọ̀ pé n kò ní sọ. Ó káwọ́ lérí, ó padà lọ. Èmi gbálẹ̀ ọ̀nà náà títí ó fi ń dán bí ojú síléètì.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọmọ mi gbé apẹ̀rẹ̀ òwú rẹ̀ rù, ó mú ọ̀nà pọ̀n. Mo bọ́ bàtà mi, mo ń tẹ̀ lé e ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kí ó má baà gbọ́. Nígbà tó dé ibi tí òkúta wà tẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ síwájú.

Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan nǹkan kan. Ó nà án sọ́tùn-ún, ó nà án sósì.

Ó gbé ohùn sókè díẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó o."

 Ó rìn síwájú díẹ̀, ó padà, ó yí po lẹ́ẹ̀kan. Bó ṣe yí po yẹn, iwájú rẹ̀ di ẹ̀gbẹ́. Ó wá kọjú sí kòtò amọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo ké, mo sáré, mo gbá a mú lápá. Ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́rin kó dénú omi. Apẹ̀rẹ̀ ṣubú, òwú ọjọ́ náà wọ inú ẹrẹ̀.

Ó ń mí hẹlẹ. "Bàbá, ẹ̀yin nìyẹn? Ta ló gbé òkúta mi?"

Mo ń ṣa òwú nínú ẹrẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin ni."

Mo ní, "Ọ̀la la ó lọ sílé."

Mo mú àdéhùn mi lọ síwájú baálé ilé. Mo ní ewu ti dé, gbogbo ilé ni ẹlẹ́rìí. Ìyá Àgbà ní, "Kòtò yẹn ti wà kí wọ́n tó bí ìyá ọmọ yìí. Kò gbé ẹnìkan rí. Òní tí àna mi tún ọ̀nà ṣe ló lanu."

Ahunṣọ dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sín mi jẹ: bí mo ṣe ń roko, bí òun ṣe gbá ọkọ́ mú, bí mo ṣe ń tẹrí ba tí mo ń rẹ́rìn-ín, ìka lórí ètè. Àwọn obìnrin tó yìn mí láàárọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Àní baálé pàápàá fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bo ẹnu.

Ọmọ mi kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá wa, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní Ọ̀yọ́, n kò ṣubú rí, nítorí n kò lọ síbì kankan. Níhìn-ín, mo ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì mọ ibi tí mo ṣubú sí lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òní nìkan ni n kò mọ ibi tí mo wà. Ẹ bá mi bẹ bàbá mi kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Mo sì tún ń bẹ ilé: ẹni tó bá fẹ́ gbé nǹkan kúrò lọ́nà, tàbí tó fẹ́ gbé nǹkan sí i, kó kọ́kọ́ wá sọ fún èmi àti Ìyá Àgbà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

N kò gbọ́ kí ó sọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo tilẹ̀ rò pé kò mọ̀ ọ́n sọ.

Baálé ní kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀bẹ̀ kejì. Ó sọ ọ́ dòfin ilé lójú ẹsẹ̀. "Ti àkọ́kọ́," ó kọjú sí mi, "ọmọ rẹ ni. A ò lè dì í mú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àna kò tíì parí títí inú onílé yóò fi dùn sí i. Kọ́kọ́ lọ dá ọ̀nà wọn padà."

Ní òwúrọ̀ kejì, lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi àti ahunṣọ yí òkúta náà dé. Mo gbé e síbi tó dá mi lójú.

Ọmọ mi ní, "Kì í ṣe ibẹ̀."

"Ibẹ̀ ni. Mo rí i."

"Bàbá, ẹ rí i lẹ́ẹ̀kan. Síwájú díẹ̀. Ẹ yí imú rẹ̀ sọ́tùn-ún. Ó tún kù." Ó na ẹsẹ̀, ó kàn án. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ túká. "Ẹ kú ìjókòó."

Gbòǹgbò kò ṣeé so mọ́ igi padà, nítorí náà ahunṣọ ri igi òfì àtijọ́ kan mọ́lẹ̀ ní ìdábùú, ọmọ mi sì fọwọ́ sí i. Ojú àgbàrá, Ìyá Àgbà ní kí n fi í sílẹ̀, pé òjò tó ń bọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀ jù mí lọ.

Mo wá bẹ ọmọ mi fún ohun kan. Mo ní kí ó jẹ́ kí n ṣọgbà yí kòtò amọ̀ ká. Ó rò ó wò. Ó ní, "Ìyẹn dáa, Bàbá. Ẹ ṣe é. Ẹ kàn sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí fún mi." Mo fi igi àti ọ̀pá oparun ṣe é, mo mú un lọ́wọ́ lọ síbi òpó àkọ́kọ́, ó sì fọwọ́ tọ́ ọgbà náà títí dé òpó ìkẹyìn, ó ń kà wọ́n. Ó jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Mo ti kà á, òun náà kà á, iye wa dọ́gba. Kò sí iṣẹ́ tí mo ṣe fún un tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Mo sọ fún baálé pé mo fi í sílẹ̀, títí iṣu titun, àti títí iṣu ọdún mìíràn bó bá fẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, mo di ẹrù mi. Ọmọ mi sìn mí dé ìdí igi ọdán, ó kúnlẹ̀, mo súre fún un. Mo ní kó máa padà lọ. Kò lọ. Mo dúró, mo fẹ́ rí i kó wọlé kí n tó kúrò níbẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, n kò gbọ́ ẹsẹ̀ yín."

Mo ní, "Mo ń lọ."

"Ẹ kò tíì máa lọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nígbà tó gbọ́ pé mo ń rìn lóòótọ́, ó yí padà sídìí òfì, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí ahunṣọ, kí ó sọ fún un bí òwú rẹ̀ ṣe rí.