Àyè Moróunkẹ́ Nídìí Tábìlì Olúwa

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹ ó dá Moróunkẹ́ mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nawọ́ sí i. Bí ìjọ bá ti dìde, tí wọ́n ń tò lọ síwájú láti jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, òun ni yóò kù lórí ìjókòó, òun àti àwọn ọmọdé, àti ọ̀mùtí kan tí Àlùfáà ti lé kúrò nídìí tábìlì. Yóò fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí àwọn tó jókòó tì í lè ráàyè kọjá. Àwọn mìíràn a fi orúnkún gbá a, wọn kò sì ní í bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ kò ju pé ó jẹ́ ìyàwó kejì lọ. Katikíìsì ni bàbá tó bí i. Bíṣọ́ọ̀bù ti gbọ́wọ́ lé e lórí nígbà tó wà lọ́mọge, ó sì ti ń jẹ nínú búrẹ́dì náà kí ó tó pàdé Theophilus Adégbénró, akọ̀wé ilé iṣẹ́ òyìnbó kan ní Dúgbẹ̀, ọkùnrin tí ahọ́n rẹ̀ dùn ju oyin lọ. Oyún dé. Bàbá rẹ̀ ní kí ó máa bá ẹni tó fún un lóyún lọ. Wọ́n sáré ṣe ìdána, Moróunkẹ́ sì wọ ilé ọkùnrin tó ti ní ìyàwó olórùka. Ìjọ yọ orúkọ òun àti ọkọ rẹ̀ kúrò láàrin àwọn tí ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́. Ìyàwó olórùka ní tirẹ̀ kò jẹ̀bi, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Theophilus kò ka ọ̀rọ̀ náà kún. Ìjókòó rẹ̀ níwájú kò yí padà, òun náà ló sì ń ka ẹ̀kọ́ kìíní.

Ṣùgbọ́n ó dun Moróunkẹ́ dé egungun. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré pé oúnjẹ yìí nìkan ni a kì í wo ojú ẹni bù. Búrẹ́dì kan ni, ife kan ni, ọba àti ẹrú yóò kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nílé ọkọ rẹ̀, ìyáálé á jẹ kí ó tó jẹ, orí ẹran kì í sì í yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ẹni tí wọ́n ń bu ìṣẹ́kù fún nílé, kò sí ohun tí yóò wù ú ju tábìlì tí kò ní ìṣẹ́kù lọ. Gbogbo àdúrà rẹ̀ kò ju kí ó tún kúnlẹ̀ níbẹ̀ kí ó tó kú. Ogún ọdún ló fi tọrọ rẹ̀.

Ní ọdún 1962, àrùn rọpárọsẹ̀ dá ìyáálé rẹ̀, Ìyá Abíọ́dún, dùbúlẹ̀ nílé wọn ní Agbowó. Abíọ́dún wà lókè òkun. Ta ni yóò tọ́jú ìyá bí kò ṣe Moróunkẹ́? Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fọ aṣọ tó bá tọ̀ sí. Bí Àlùfáà Akíndúró bá sì gbé Oúnjẹ Alẹ́ wá bá aláìsàn nílé, Moróunkẹ́ náà ni yóò tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kékeré, tí yóò gbé orí ìyáálé sókè kí ó lè jẹ.

Lọ́jọ́ kan, èérún búrẹ́dì bọ́ láti ẹnu aláìsàn sórí ìró rẹ̀. Moróunkẹ́ nawọ́ kí ó mú un, kí ó má baà já sílẹ̀.

"Gbọ́wọ́ kúrò," ni Ìyá Abíọ́dún fi apá ẹnu tó kù fún un sọ. "Ìyẹn kì í ṣe tìẹ."

Ẹnu tí kò rí "o ṣé" sọ láti àárọ̀, ó rí èyí sọ. Àlùfáà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó fi ìka ara rẹ̀ ṣa èérún náà. Nígbà tó lọ tán, Moróunkẹ́ yí ìyáálé rẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí egbò má baà dá sí i lára, ó sì gbé póò jáde.

Ìyá Abíọ́dún kú lẹ́yìn ọdún méjì. Wọn kò tíì kúrò nídìí sàréè tí àwọn obìnrin ìjọ ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí Moróunkẹ́ létí pé ọ̀nà ti là. Òfin ìjọ kò sì ṣòro: bí olórùka bá ti kú, tí ọkọ bá mú ìyàwó tó kù wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó fi òrùka sí i lọ́wọ́, àwọn méjèèjì ni yóò padà sídìí tábìlì Olúwa. Inú Moróunkẹ́ dùn, ojú ara rẹ̀ sì tì í pé inú òun ń dùn. Ó fi gbogbo ọdún náà ṣọ̀fọ̀ bí ẹni tí ìyá rẹ̀ kú.

Bí ọ̀fọ̀ ti parí, Theophilus pè é sí pálọ̀. "Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe wọ́dìn ìjọ," ni ó wí, "ẹni tí kì í jẹ Oúnjẹ Alẹ́ kò sì lè ṣe wọ́dìn. Ó tó àsìkò kí n tún ọ̀nà mi ṣe pẹ̀lú Ọlọ́run. Mo fẹ́ gbé òrùka."

Moróunkẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, Bàbá Abíọ́dún. Ẹ ṣé gan-an ni. Olúwa á dá yín sí."

Ọkùnrin náà sì jẹ́ kí ó dúpẹ́ tán.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì, lẹ́yìn orin, Àlùfáà Akíndúró wọ awò ojú rẹ̀. "Mo kéde ìgbéyàwó láàrin Theophilus Adégbénró, tí aya rẹ̀ ti kú, ọmọ ìjọ yìí..." Obìnrin tó jókòó ti Moróunkẹ́ gbá a lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Moróunkẹ́ tẹrí ba, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "...àti Olúkẹ́mi Adéróunmú, omidan, ti ìjọ yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a so wọ́n pọ̀, kí ó sọ ọ́."

Olúkẹ́mi ni tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin. Ó ti wá sí ilé wọn rí. Moróunkẹ́ fúnra rẹ̀ ló bu oúnjẹ fún un.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Moróunkẹ́ dìde. "Ìyàwó wọn ni mí," ló wí.

Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ìwé orin bo ẹnu. Àlùfáà ní kí Moróunkẹ́ jókòó, wọn yóò rí ara wọn lẹ́yìn ìsìn.

Nínú yàrá tí Àlùfáà ti ń pààrọ̀ aṣọ, Theophilus ti jókòó sórí àga. Moróunkẹ́ wà lórí ìdúró.

"Ìyá Gbádérọ̀," ni Àlùfáà wí, "ta ló so yín pọ̀? Òrùka dà?"

"Wọ́n ṣe ìdána mi, sà. Mo bí Gbádérọ̀ fún wọn."

"Ọ̀rọ̀ ayé nìyẹn. Níwájú pẹpẹ, kò sí ohun tó wà láàrin yín bí kò ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó sì ti ṣèlérí fún mi pé òun ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Ìwọ náà, bí o bá ti kúrò nílé rẹ̀, ọ̀ràn tán. Tábìlì Olúwa ṣí sílẹ̀ fún ọ."

Moróunkẹ́ wo ọkọ rẹ̀. "Bàbá Abíọ́dún, kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe mí ní nǹkan kan," ni Theophilus dáhùn. "Ṣebí ohun tí ò ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run láti ọjọ́ yìí nìyẹn? Mo ṣe ọ́ lóore, o tún ń bi mí."

Moróunkẹ́ gba yàrá kan ní Ṣàngó, nílé obìnrin mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Bàdírátù. Gbádérọ̀, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, bá a gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Màámi, ẹ má bínú. Mi ò lè bá yín gbé níbí. Bàbá ló ń rán mi níwèé," ó sì yára padà kí wọ́n má baà wá a. Nígbà tí Bàdírátù gbọ́ ìtàn náà, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá pé mẹ́rin, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin là ń jẹ́ ìyàwó," ló wí. "Ṣé oúnjẹ wo ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀ yẹn ná, tí wọ́n fi ní láti lé ọ kúrò nílé kí o tó rí i jẹ?"



Lẹ́yìn ìgbéyàwó náà, ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù pé. Ìjọ dìde. Theophilus lọ síwájú pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tuntun, wọ́n kúnlẹ̀. Moróunkẹ́ kò mira. Katikíìsì ti kọ́ ọmọ rẹ̀ pé bí o bá ní ẹnìkan sínú, má ṣe súnmọ́ tábìlì yẹn. Ẹni tó bá fi ìkórìíra jẹ ẹ́, ẹ̀bi ara rẹ̀ ló jẹ. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi dí i lọ́nà, kò ní ẹnikẹ́ni sínú. Àní ìyáálé rẹ̀, ó ti dárí jì í tọkàntọkàn, pẹ̀lú ìtọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Nísinsìnyí tí ọ̀nà wá là, ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún láti àárọ̀ ni kí Theophilus Adégbénró kú ikú tó gùn, kí ọmọbìnrin yẹn sì máa gbé póò rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọkàn òun kò mọ́. Kò tan ara rẹ̀ jẹ rárá.

Àlùfáà rí i níbi tó jókòó sí, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ pè é níṣojú gbogbo ìjọ. Moróunkẹ́ dìde, ó lọ. Ẹ̀gbẹ́ Olúkẹ́mi nìkan ni àyè kù sí. Ọmọbìnrin náà súnra díẹ̀, ó rọra ní, "Ẹ kú àárọ̀, mà." Moróunkẹ́ tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n fi búrẹ́dì sí i, ó jẹ ẹ́. Ife ti ọ̀dọ̀ Theophilus kọjá sí ọ̀dọ̀ Olúkẹ́mi, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó mu ún, ó sì ṣe "Àmín" tí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́.

"Ẹ wo bí inú Ìyá Gbádérọ̀ ti ń dùn," ni obìnrin kan wí. "Ọlọ́run gbọ́ àdúrà rẹ̀."