Pápá Tí A Ro De Àwọn Agbábọ́ọ̀lù

Nígbà tí ìlú wa ń retí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, kò sí ẹni tó retí wọn tó mi, bẹ́ẹ̀ n kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Àwọn ará àdúgbò rò pé nítorí ọjà ni. Télọ̀ ni mí, ẹgbẹ́ tó bá sì ń gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì àgbà yóò nílò ẹni tí yóò máa bá wọn tún aṣọ rán. Ṣùgbọ́n aṣọ kọ́ ni mò ń rò. Ọmọ mi obìnrin ni mò ń rò.

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ni. Ìlú tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀ ti gba pápá lọ́wọ́ wọn, olówó tó ni ẹgbẹ́ náà sì ń wá ìlú mìíràn tí wọn yóò fi ṣe ilé, tí àwọn ẹgbẹ́ yòókù yóò ti máa wá bá wọn gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ mi ni aṣọ́lé, ìyẹn gólì, fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ díje ní Adó, akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ náà rí i, ó sì sọ fún un pé bó bá ti ṣe ìdánwò àṣejáde tán, kó wá bá àwọn. Ibi yòówù tí ẹgbẹ́ bá fìdí sí ni òun náà yóò máa gbé. Ìlú mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Tiwa, tó wà láàárín Aràmọ̀kọ̀ àti Ìjerò, jẹ́ ọ̀kan. Àwọn méjì yòókù jìnnà gan-an, n kò sì dé ìkankan nínú wọn rí.

Èmi àti ọmọ mi wá fẹnu kò sí i pé bí ẹgbẹ́ bá wá sí ìlú wa, yóò gbá bọ́ọ̀lù, yóò sì máa sùn nílé. A kò sọ ohun tí a ó ṣe bí wọn kò bá wá. Èmi ni n kò fẹ́ kí a sọ ọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa mi. Wọ́n ní mo fi ọmọ náà sábẹ́ aṣọ bí ẹyin. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú tí kò tíì dé, èmi a ti wà ní ìkòríta. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́lé, tó ń ti ìdánrawò dé pẹ̀lú ìbàdí tó ti bó, mo gé fóòmù lára bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kan, mo rán an mọ́ inú ṣòkòtò péńpé rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, mo lu abẹ́rẹ́ yí i ká kó má baà rìn. Ó wọ̀ ọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, síbẹ̀ ó ń wọ̀ ọ́. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Gólì ní gbogbo àdúgbò.

Alága ìgbìmọ̀ tó ń bá ẹgbẹ́ náà sọ̀rọ̀ ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó padà wálé láti Ìbàdàn. Píríńsípà ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló bá olówó wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, òun ló ń padà wá ròyìn fún wa ní gbọ̀ngàn ìlú. Ó ní bí àwọn ọmọ náà bá wá, ìjọba á rántí ọ̀nà wa, iná á máa dúró. Báábà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ti fi ọ̀dà àwọ̀ aṣọ wọn kun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí wọn. Ọkùnrin kan tó ní ilé alájà kan tí kò tíì parí lọ́nà Ìjerò sọ ọ́ di òtẹ́ẹ̀lì lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì ní fèrèsé.

Àgbàlagbà tó ń ṣe olórí àdúgbò wa, bàbá àgbẹ̀ kan, dìde nínú ìpàdé. Ó ní, "Kí wọ́n sáà wá. Uṣu wa á tó wọn. Ẹni tó bá jẹ iyán ìlú yìí, bọ́ọ̀lù tó bá gbá, ẹ máa lọ mú un l'Ẹ́fọ̀n."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ti ń ro ibi tí ọmọ mi yóò máa gbé bàtà rẹ̀ sá sí.

Pápá ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n fẹ́ wá wò. Ó tẹ́jú, ó gùn tó, koríko rẹ̀ kò sì ga. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi àdá bẹ́ ẹ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó sì ti lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹní. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà náà, ó ti tutù yọ̀yọ̀. N kò mọ nǹkan kan nípa pápá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ọmọ mi bá ṣubú sí ibẹ̀, ó máa ń dìde kíákíá.

Ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn àlejò ń bọ̀, wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí gbogbo àdúgbò jáde wá tọ́jú pápá. Píríńsípà ti lọ sí Adó láti yá àga àti kánópì. Àwọn àgbà pín pápá náà bí wọ́n ti ń pín iṣẹ́ ìlú, wọ́n gún igi sí ààlà, àdúgbò kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Àwọn ọkùnrin mú ọkọ́ wá. Wọ́n sì ro ó.

Bí a ti ń gba àlejò níbí nìyẹn. Bí bíṣọ́ọ̀bù bá ń bọ̀, bí wọ́n bá ń gbé òkú àgbà bọ̀ wálé, bí wọ́n bá ń mú ìyàwó bọ̀, a ó ro ojúde, a ó ro ẹ̀bá ọ̀nà títí ilẹ̀ yóò fi pọ́n, àwọn obìnrin yóò sì máa gbálẹ̀ tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Ilé tí koríko bá hù sí iwájú rẹ̀, ojú ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ la fi ń wò ó. Kò sí ẹni tó bi ẹnì kejì léèrè. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ṣe é tọkàntọkàn. Àdúgbò wa ń bá èyí tó tẹ̀ lé wa figagbága.

Èmi wà láàárín àwọn tó ń gbálẹ̀. Ọmọ mi ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ilé bọ́ọ̀lù, ó ń wò wọ́n.

"Mọ́mì," ó ní, "pápá bọ́ọ̀lù máa ń ní koríko ni o. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá kì í gbá a lórí ilẹ̀ lásán. Ẹ bá mi sọ fún bàbá."

Mo lọ bá olórí àdúgbò wa. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí ọmọ wí. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ lé èjìká, ó wo ọmọ náà lókèèrè.

"Ìyá Gólì," ó ní, "ọmọ ẹ ha fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lórí koríko ni, àbí ó fẹ́ jẹ ẹ́?"

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní bó bá jẹ́ koríko ni ọmọ mi ń fẹ́, ẹ̀yìn ilé òun kún fún un, kó wá ro ó lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá náà wá fi ohùn tútù bá mi sọ̀rọ̀. "Àlejò ni wọ́n, ìyá. Ṣé inú igbó ni ká ti gbà wọ́n?"

Mo dìde, mo padà sídìí ìgbálẹ̀ mi. Ẹni tí yóò bá bàbá náà jiyàn níwájú gbogbo àdúgbò kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n ti ń ro ó síwájú ni àwa ń kó koríko kúrò lẹ́yìn wọn. Nígbà tí oòrùn fi ń wọ̀, pápá náà ti mọ́ tónítóní láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó pọ́n. Ó lẹ́wà lójú àwa tó ṣe é, n kò lè purọ́ ìyẹn.

Píríńsípà dé pẹ̀lú ọkọ̀ àga ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó sọ̀kalẹ̀, ó rìn dé etí pápá, ó bọ́ fìlà rẹ̀. Gbogbo wa dúró kó yìn wá.

"Ó mọ́," ni ohun tó sọ. Ó tún un sọ, ó sì wọ inú ọkọ̀ padà.

Òjò kò rọ̀ mọ́ títí àwọn àlejò fi dé. Oòrùn pa ilẹ̀ tí wọ́n ti ro náà, ó gan paali, àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ koríko wá jáde síta. Akọ́nimọ̀ọ́gbá, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wá pẹ̀lú ọkùnrin tó ń ṣojú olówó wọn. Ọkùnrin náà rìn dé àárín pápá, ó fi bàtà ha ilẹ̀.

"Ta ló kó koríko ibí lọ?" ó béèrè.

Bàbá olórí àdúgbò wa ló dáhùn. Inú rẹ̀ dùn. "Àwa ni, sà. Gbogbo ìlú ló jáde. A ò fi ẹyọ kan sílẹ̀."

Ọkùnrin náà wo akọ́nimọ̀ọ́gbá. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú òkúta kan, ó yí i lọ́wọ́, ó sì rọra gbé e padà síbi tó ti mú un. Mo wà lábẹ́ kánópì, mo rí gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gbá díẹ̀ kí àwọn rí wọn, torí pé àwọn ti wá.

Wọ́n ti fún ọmọ mi ní aṣọ àti ṣòkòtò tuntun ti ẹgbẹ́. Ó bọ́ èyí tí mo rán fóòmù sí, ó ká a, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sí ẹ̀gbẹ́ òsì ilé, ilẹ̀lẹ̀. Ó fò sí i. Mo gbọ́ bí ara rẹ̀ ti fà lórí ilẹ̀. Ó mú bọ́ọ̀lù náà. Nígbà tó dìde, ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ṣòkòtò náà ti ya ní ìbàdí. Wọ́n tún gbá òmíràn sí apá kan náà. Ó tún fò sí i.

Mo ti dìde. Obìnrin tó jókòó tì mí di aṣọ mi mú.

"Jókòó, Ìyá Gólì," ó ní. "Bó o bá lọ gbé e nísinsìnyí, wọ́n á ní ọmọdé ni."

Mo jókòó. Ó ń fò, mo ń wò ó.

Kò pẹ́ tí èsì fi dé ọwọ́ Píríńsípà. Ẹgbẹ́ ti mú ọ̀kan nínú ìlú méjì yòókù. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa fún ìtọ́jú, wọ́n sì ní àwọn ń retí aṣọ́lé náà.

Mo pe bàbá ọmọ mi, tó ń ṣe gádì ní Abuja, tó jẹ́ pé Kérésìmesì la fi ń rí i. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ìgbọ̀nwọ́. "Jẹ́ kó lọ," ó ní. "Ta ló mú mi dúró nígbà tí mò ń lọ?" Mo ní èmi ni. Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun lọ.

Mo wá bá ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ń fi omi gbígbóná nu ojú egbò rẹ̀, kò jẹ́ kí n bá a ṣe é.

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé bí wọ́n bá wá síbí, kí n gbá a," ó ní.

"Wọn ò wá."

"Bọ́ọ̀lù yẹn náà ni, Mọ́mì. Bó bá dáa kí n gbá a níbí, ṣé kò dáa níbẹ̀ ni?"

Mo wá ohun tí n ó fi dá a lóhùn. Mo sọ nípa ọ̀nà, mo sọ nípa àwọn ajínigbé, mo sọ nípa omi tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n. Gbogbo ohun tí mo sọ ló jẹ́ òótọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń dúró kí òjò dá. Lẹ́yìn náà, ó bi mí bóyá mo lè bá òun gé ìró sí méjì, kí òun fi ìkan ṣe aṣọ ìbora.

Nígbà tí ọmọ mi ti ṣe ìdánwò rẹ̀ tán, bàbá olórí àdúgbò wá sílé wa kí ọmọ náà tó lọ. Ó di iṣu mẹ́ta pọ̀, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo fún un ní àga. Ó wo ọmọ náà tó ń ká aṣọ.

"Ṣé ìgbọ̀nwọ́ yẹn ti jinná?" ó béèrè.

"Ó ti jinná, bàbá. Ẹ ṣé."

Ó jókòó. "A rò pé a ń ṣe dáadáa ni, ìyá," ó sọ fún mi.

"Mo mọ̀, bàbá," ni mo wí. Mo sì mọ̀. Ká ní mo lè bínú sí i ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

Mo sin ọmọ mi dé gáréèjì ní Aràmọ̀kọ̀. Ọkọ̀ Àkúrẹ́ ni yóò wọ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò sì ti dúró dè é níbẹ̀. Mo yí ọkọ̀ náà ká, mo wo táyà. Mo wọ inú rẹ̀, mo jókòó síbi tí ọmọ náà fẹ́ jókòó sí, mo fa bẹ́líìtì. Ó há. Mo tún un fà, kò jáde. Àwọn èrò yòókù ti jókòó. Ọmọ mi dúró níta pẹ̀lú báàgì rẹ̀ àti àpò iṣu, kò kán mi lójú.

Dírẹ́bà bojú wẹ̀yìn. "Màmá, ṣé ẹ̀yin náà ń lọ ni?"

"Rárá," ni mo wí. "Ọmọ mi ló ń lọ."

Mo sọ̀kalẹ̀. Ó wọlé, ó fa bẹ́líìtì náà lẹ́ẹ̀kan, bẹ́líìtì jáde, ó dè é mọ́ra. Ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, mo dì í mú. Dírẹ́bà ní kí n sún sẹ́yìn díẹ̀. Mo sún sẹ́yìn.