Òkú Tó Ń Ka Ìròyìn ní Àkúrẹ́

Wọ́n ní Fẹ̀yìntọlá Akínsànyà ti kú. Wọ́n ní wọ́n ti sin ín sí Oǹdó, pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti dìde, ó gbọn eruku nù lára, ó wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́, ó jókòó sídìí máìkì, ó sì ń ka ìròyìn aago méje bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kì í jẹ iyọ̀. Wọ́n ní ọlọ́kadà kan gbé e dé àdúgbò Ijapo, nígbà tó fi máa wo owó tó san fún un, ewé kòkó gbígbẹ ló bá lápò.

Ẹ jọ̀ọ́, àkúdàáyà wo nìyẹn? Òkú tó bá fẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, ṣé Àkúrẹ́ tí ò jìnnà sí Oǹdó rárá ni yóò sá lọ? Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń lọ sí Gánà! Ní ti iyọ̀, èmi àti Antí Fẹ̀yìn la jọ ń jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà oníyọ̀ ní ọ́fíìsì. Tirẹ̀ á tán, á wá máa wo tèmi bí ológbò.

Ohùn Onílẹ̀ ni ilé iṣẹ́ wa ń jẹ́. Rédíò kékeré kan ni, pẹ̀lú ojú ewé lórí Fesibúùkù, nínú yàrá mẹ́ta lókè ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísì kan ní Àkúrẹ́. Adélaní ló ni ín, ọmọ bíbí Oǹdó, tó máa ń sọ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í pé àwọn oníròyìn tó ti Èkó wá kò mọ bí ará ilé ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: “Ọmọ onílẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.” Antí Fẹ̀yìn, tó ti ṣe tíṣà rí, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ló ń bá a ka ìròyìn ní èdè Oǹdó. Bó bá ti kà á, ó tán nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ló gbà á gbọ́ jù. Òun nìkan ni Yèyé bí. Bí aládùúgbò bá gbé ọ̀rọ̀ wá, Yèyé á ní, “Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ mi ná.”

Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, Antí Fẹ̀yìn ò wá síbi iṣẹ́. Lawrence, ọmọ Ìgbàrà-Òkè tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà ní Ijapo, ló pe Adélaní. Adélaní tẹ fóònù sí gbangba, gbogbo wa ń gbọ́.

“Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀ o. Ara Antí Fẹ̀yìn ò yá díẹ̀.”

“Háà! Kí ló ṣe wọ́n?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀ ná. A ti gbé wọn dé ọsibítù. Kí àgbàlagbà kan nínú yín máa bọ̀. Ẹ má sáré o, ẹ rọra.”

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ. Ọmọ Yorùbá wo ni ò mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Bí ènìyàn bá kú, ta ló ń sọ ọ́ lórí fóònù? Ara rẹ̀ á kàn “ṣe bí ẹni tí ò yá” ni, wọ́n á ní kí ẹ fọkàn balẹ̀, wọ́n á ní kí àgbà kan máa bọ̀. Adélaní ṣí fìlà.

“Ó ti lọ,” ó ní.

Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká bi í kó yé wa dáadáa.”

“Kí n bi í ní kí ni? Ṣé ará Èkó ni ẹ́ ni? Ta ló ń béèrè irú ẹ̀? Ọmọ onílẹ̀ ni mí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń túfọ̀.”

Bẹ́ẹ̀, ohun tí Lawrence ní lọ́kàn gan-an ló sọ. Apẹ́ńdísì ló ń yọ Antí Fẹ̀yìn lẹ́nu, dókítà sì fẹ́ kí àgbàlagbà kan fọwọ́ sí i kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ara ò yá díẹ̀. Ọ̀nà ò dáa, kí a rọra. Òtítọ́ pọ́nbélé ni ọmọkùnrin náà sọ, ó sì fi sin ènìyàn láàyè.

Nígbà tí wọ́n retí wa tì, Antí Fẹ̀yìn fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Kí dókítà tó rán ojú abẹ tán, Adélaní ti fi ẹnu ara rẹ̀ kà á lórí rédíò pé Fẹ̀yìntọlá Akínsànyà, ohùn tí Oǹdó fẹ́ràn, ti papòdà. Nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tó lè ka èdè Oǹdó, ó ní kí a máa fi àwọn ohùn rẹ̀ àtijọ́ dí àyè. Bó ṣe di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, tí òkú ń kí ìlú: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Oǹdó. Èmi Fẹ̀yìntọlá, ọmọ yín ni.”

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tó ń pààrọ̀ báńdéèjì rẹ̀ wo fóònù, ó wo ojú rẹ̀, ó tún wo fóònù.

“Màmá, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ̀yin lẹ kú yìí?”

Antí Fẹ̀yìn gba fóònù, ó ka ikú ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Fọ́tò tí wọ́n lò ló kọ́kọ́ bí i nínú. Lẹ́yìn náà ló rántí Yèyé, ó sì pariwo.

Ó pe ilé ní Oǹdó. Bímbọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n Yèyé tó ń tọ́jú rẹ̀, rí orúkọ òkú lójú fóònù, ó lọgun, ó sì sọ fóònù sínú garawa omi.

Ó wá pe ọ́fíìsì. Nígbà tí èmi àti Adélaní dé ọsibítù, Adélaní dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Antí, ẹ ṣeun tí ẹ ò kú o.”

“Lọ tún un kà báyìí. Ní kíákíá. Yèyé mi ń sunkún.”

“A ó tún un kà. Ṣùgbọ́n bí a bá yí i padà lónìí, wọ́n á ní ọmọ onílẹ̀ ń parọ́. Ẹ jẹ́ ó di Sátidé. Ẹ ó fẹsẹ̀ ara yín wọlé, a ó pe pásítọ̀, a ó kọrin ọpẹ́. Antí, wọn ò tíì gbọ́ orúkọ wa tó báyìí rí! Mo ti rán ènìyàn sí Màmá.”

Kò rán ẹnikẹ́ni. Títí di Sátidé, ohùn òkú ń kí Yèyé láàárọ̀, ó ń kí i nírọ̀lẹ́.

Ní Sátidé, Antí Fẹ̀yìn fi ọwọ́ kan di inú mú, ó sọ fún gbogbo ayé lórí rédíò pé òun ò kú. Kò dúró gbọ́ orin. Mo bá a gbé báàgì, a wọ mọ́tò, ó di Oǹdó. Ilẹ̀kùn Yèyé wà ní títì. Bímbọ́lá rí wa lókèèrè, ó gba ẹ̀yìnkùlé sá.

“Yèyé, èmi ni. Ẹ ṣílẹ̀kùn.”

Yèyé dáhùn láti inú ilé.

“Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ta ni ò mọ ohùn ọmọ ẹ̀?”

“Ẹ ò gbọ́ rédíò láàárọ̀ yìí? Mi ò kú, Yèyé. Irọ́ ni wọ́n pa.”

“Mo gbọ́. Wọ́n ní o kú, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà lo kí mi. Ojoojúmọ́ lo ń kí mi. Òkú wo ló ń jẹ́wọ́ pé òun kú?”

“Ẹ sáà wò mí! Ẹ̀ẹ̀kan péré.”

“Mi ò jẹ́ wò ẹ́ láéláé.” A gbọ́ tó ń wọ́ àpótí ti ilẹ̀kùn. “Bí ará ilé bá fojú kan irú yín, ẹ ó pòórá ni. Mi ò ní fojú ara mi pa ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Padà sí Àkúrẹ́, ọmọ mi. Máa ka ìròyìn rẹ. Èmi á máa gbọ́.”

Nígbà tó yá, fèrèsé ṣí díẹ̀. Yèyé ti fi gèlè di ojú ara rẹ̀ pinpin. Ó táràrà, ó gbé àwo iyán àti ọbẹ̀ sójú fèrèsé, ó sì yára tì í padà. Ọbẹ̀ náà ò ní iyọ̀ rárá. Antí Fẹ̀yìn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

Fíkà ìjọ wọn lọ bá Yèyé sọ̀rọ̀. Yèyé ní ọmọdé ni Fíkà, kò tíì rí ayé. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni Antí Fẹ̀yìn ń lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí ìyá àti ọmọ ń ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta iṣu àti ta ló ṣàárẹ̀. Adélaní yọ́ tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan, ó ya fọ́tò ilẹ̀kùn náà, ó gbé e sórí Fesibúùkù: “Ìyá Kọ Òkú Ọmọ Rẹ̀ Lóǹdó.” A ò tíì gbé ìròyìn tí wọ́n kà tó ìyẹn jáde. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà àti ewé kòkó ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, “Antí, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọkùnrin yìí.”

“Kí n fi í sílẹ̀? Bí Yèyé ò bá gbọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, á ní mo ti kú ní Àkúrẹ́ náà.”

Adélaní mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní èdè-àìyedè, á rẹ́rìn-ín músẹ́: “Antí, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ o, bó bá wù yín kẹ́ ẹ máa lọ.”

Mo gbìyànjú láti máa pa Antí Fẹ̀yìn lẹ́rìn-ín. Bó bá wọlé láàárọ̀, kódà nínú oṣù kẹwàá, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo máa ń kí i pé, “Ẹ kú ọdún Àjíǹde o!” Á ní, “Orí ẹ dàrú,” á sì fi páálí fáìlì gbá mi lórí. Nígbà míràn á rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rinrin òjò tó kẹ́yìn lọ́dún yẹn ló mú Yèyé láyà. Bímbọ́lá, tí kò sá fún wa mọ́, ní kí àwọn pe Antí Fẹ̀yìn wọlé sí i. Yèyé kọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé rédíò sún mọ́ etí òun, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn dáadáa. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà ni ọmọ rẹ̀ wà nígbà tí Yèyé kú.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró lókèèrè, wọ́n ń wo Antí Fẹ̀yìn bóyá yóò pòórá. Adélaní gbé kámẹ́rà wá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ní Oǹdó, Fẹ̀yìntọlá Akínsànyà sin ìyá rẹ̀.