Ààwẹ̀ Tí Mo Gbà Nítorí Iṣẹ́ Abẹ

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe fi ẹ̀ṣẹ́ lu nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gbà mí là. Ẹ má tíì bú mi o, ẹ gbọ́ tẹnu mi ná!

Fibroid ló ń yọ mí lẹ́nu. Lóṣooṣù, ẹ̀jẹ̀ á máa dà lára mi bí omi ẹ̀rọ. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kàn, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sílẹ̀ jù. Wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ní kí n máa jẹun dáadáa.

Kí lèmi ṣe? Mo gbààwẹ̀! Ọjọ́ mọ́kànlélógún gbáko, kí iṣẹ́ abẹ náà lè yọrí sí rere. Bí mo bá sì lo oògùn yẹn láìjẹun, inú á máa run mí, ni mo bá tì í sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, mo wakọ̀ láti Little Elm lọ fún àyẹ̀wò ní Dallas. Ọmọ Yorùbá ni nọ́ọ̀sì tó dá mi lóhùn, Rónkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ó wo èsì, ó mirí.

"Ma, ẹ̀jẹ̀ yín tún ti wálẹ̀ sí i. Ṣé ẹ ń lo oògùn yẹn?"

Mo ní mò ń lò ó. Irọ́ funfun báláú!

Ló bá ní wọ́n máa sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú. Inú bí mi, ojú mi ṣú! Mo ti gba leave níbi iṣẹ́, mo ti gbààwẹ̀ débi pé egungun ọrùn mi yọ, ọmọdé kan wá ń sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe? Mo gbá kọ̀ǹpútà rẹ̀ dà nù, mo fa ọrùn aṣọ rẹ̀, mo fi ẹ̀ṣẹ́ bà á lójú. Gíláàsì ojú rẹ̀ fọ́, imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Security já wọlé, wọ́n tẹ̀ mí mọ́ ògiri, wọ́n lọ́ ọwọ́ mi sẹ́yìn. Mo ṣì ń jà fitafita nígbà tí òòyì kọ́ mi, mo ṣubú lulẹ̀ gbì!

Nígbà tí mo lajú, Rónkẹ́ ló kúnlẹ̀ tì mí, tòun tẹ̀jẹ̀ nímú. Ó fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀.

"Inú ìpéǹpéjú yín ti funfun, kò sẹ́jẹ̀ níbẹ̀. Tí wọ́n bá là yín báyìí, ẹ lè má jí o. Please ma, ẹ sọ òótọ́ fún mi."

Mo bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́. Òun náà ló bẹ àwọn security kí wọ́n má fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Wọ́n fa iron, oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀, sí mi lára lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń jẹun, mo ń lo oògùn mi. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, mo sì jí!

Mo padà lọ kúnlẹ̀ fún Rónkẹ́, bí mo ṣe dàgbà jù ú lọ tó yìí. Mo ní kó jẹ́ kí n ra gíláàsì míì fún un, kò gbà. Ó ní ojú mi lòun fẹ́ wò. Ó fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ó ti pọ́n, ma."

Ìtìjú ò jẹ́ kí n lè wo àpá tó wà nímú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbààwẹ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà. Ọlọ́run ò bá oògùn jà. Ta ló ti purọ́ fún nọ́ọ̀sì rí nínú yín? Ẹ jẹ́wọ́ tiyín níbí, èmi ti jẹ́wọ́ tèmi!